Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Ìwà Ìbàjẹ́

Ohun tí ó sábà ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ní ọjà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe iye owó bí kò ṣe òṣùwọ̀n. Kóńgò kan wà tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Òmíràn wà tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹnìkan a máa bu gàrí títí yóò fi ga bí òkìtì lórí kóńgò. Ẹlòmíràn a fi ọwọ́ gbá a kí ó lè tẹ́. Bákan náà ni ó rí nínú òwò epo pupa: kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi omi gbígbóná mú fẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹ́ẹ̀gì tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni à ń pè wọ́n. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé gàrí wọ́n ní Òde-Ìrèlè ju bí ó ti wọ́n ní Òkìtìpupa lọ, ìbéèrè tí àgbà yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Kóńgò wo ni o fi wọ̀n ọ́n?"

Irú ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bi lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo ju gàrí àti epo lọ. Láti ọdún 1995 ni àjọ Transparency International, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ti ń gbé àtẹ kan jáde, nínú èyí tí ó ń to àwọn orílẹ̀-èdè ayé láti orí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ títí dé orí èyí tí ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ sí jù lọ. Nínú àtẹ ti ọdún 2024, máàkì 26 nínú 100 ni Nàìjíríà gbà, ipò 140 ni ó sì wà nínú orílẹ̀-èdè 180. Máàkì yìí kò mọ sórí àwọn olóṣèlú nìkan. Ó ń bá ọmọ Ìrèlè tí ó mú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ dé ẹnubodè òkè òkun. Ó ń bá oníṣòwò tí ó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ òkèèrè fọkàn tán òun kí wọ́n sì kó ọjà fún òun láwìn. Ẹni tí kò jí kọ́bọ̀ rí ń pín nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó kó àpò ìjọba gbẹ. Nígbà tí ọ̀ràn bá rí báyìí, ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ irú kóńgò tí a fi wọ̀n wá.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a fẹ́ wọ̀n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ti pín in. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ẹni tí yóò dá a. Owó ẹ̀yìn ni èyí tí agbaṣẹ́ṣe ń dá padà fún ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Ẹ̀gúnjẹ ni èyí tí a ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ ti ń ṣa ọkà. Ìkówójẹ ni kí ẹni tí a fi ìṣúra ṣọ́ kó o lọ sílé ara rẹ̀. Ojúsàájú kò sì ní owó nínú rárá: ọmọ ẹni ni a fi sí ipò tí ó tọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ní orílẹ̀-èdè kan, ẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá ń gba owó kékeré lójú ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ pé ní orílẹ̀-èdè kejì kò sí ọlọ́pàá tí ń gba nǹkan, ṣùgbọ́n mínísítà kan ṣoṣo kó owó ilé ìwòsàn gbogbo ìlú lọ, èwo nínú méjèèjì ni ó burú jù? Kò sí ìwọ̀n tí ó lè da ọlọ́pàá àti mínísítà pọ̀ sínú nọ́ńbà kan tí kò ní fi òtítọ́ ọ̀kan pamọ́.

Àwọn kan a máa sọ pé àṣà ẹ̀bùn wa ni ó bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí pé Yorùbá kì í lọ kí ọba lọ́wọ́ òfo, àti pé ẹni tí ó dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ní iye, ó ní àkókò, ojú gbogbo ayé ni a sì ti ń san án. Ẹ̀bùn ààfin, gbangba ni a ń gbé e kalẹ̀, ẹni tí ó gbà á yóò sì fi ohùn òkè dúpẹ́. Ohun tí ó ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni pé èkíní kò bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀. Síbẹ̀, òfin kì í fi ààlà sí ibì kan náà ní gbogbo ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ kan tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ṣe ní ọdún 2010 fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àǹfààní láti ná iye owó tí ó bá wù wọ́n lórí ìpolongo ìbò, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti fi í lé olùdíje lọ́wọ́. Ohun tí àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ kan yóò pè ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀tọ́ ni lábẹ́ òfin níbẹ̀. Bí òfin bá ti sọ nǹkan di ẹ̀tọ́, kò sí ìwé kankan tí a óò ti kà á mọ́ ìwà ìbàjẹ́.

Kí àtẹ Berlin tó dé, ìgbìmọ̀ ìwádìí ni òṣùwọ̀n tí a mọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1953, Bernard Storey ṣe ìwádìí sí ìṣàkóso ìgbìmọ̀ ìlú Èkó. Ní ọdún 1956, ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ Foster-Sutton dìde láti yẹ àjọṣe Nnamdi Azikiwe, olórí ìjọba Ìlà Oòrùn, pẹ̀lú báńkì African Continental wò. Ní ọdún 1962 ni ó kan Ìwọ̀ Oòrùn, níbi tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà ní àkókò náà. Adájọ́ G. B. A. Coker ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó tú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wò, títí kan àjọ tí ń ra ìrè oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ìgbìmọ̀ náà di ẹ̀bi ru Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó sì dá S. L. Akíntọ́lá láre.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní àǹfààní kan tí àtẹ kò ní: ó ń wo ìwé owó, ó ń pe ẹlẹ́rìí, ó ń sọ iye. Nǹkan tí ó bá sọ, a lè yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé fìtílà lọ́wọ́? Ìjọba àpapọ̀ tí ó gbé ìgbìmọ̀ Coker dìde ni ó ti kéde ìṣèjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá gbóná jù lọ. Ìwọ̀ Oòrùn nìkan ni wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó gbé fìtílà kan náà lọ sí Àríwá tàbí Ìlà Oòrùn ní àkókò yẹn. Ẹni tí ó bá wá ka ìwé ìtàn ní òní yóò rí ojú ewé púpọ̀ nípa ìwà ìbàjẹ́ ní Ìbàdàn, yóò sì rí díẹ̀ nípa ti Kàdúná. Ṣé Ìbàdàn ni ó burú jù ni, àbí Ìbàdàn ni a wò jù?

Ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gba ìjọba, wọ́n yẹ ọrọ̀ àwọn gómìnà ológun 12 tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Gowon wò. Méjì péré ni wọ́n dá láre: Mọ́bọ́lájí Johnson ti Èkó àti Olúwọlé Rótìmí ti Ìwọ̀ Oòrùn. Ìyẹn ni pé 10 nínú 12 jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: bí ẹnìkan bá fi iye ẹni tí a dá lẹ́bi ṣe òṣùwọ̀n, ọdún 1975 ni yóò dà bí ọdún tí ó dọ̀tí jù lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún ìgbálẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè tí ń gbá ilẹ̀ ni a ń rí eruku rẹ̀. Èyí tí kò gbá ilẹ̀ rí, eruku rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹní.

Ọ̀nà kejì ni bíbéèrè èrò àwọn ènìyàn, òun sì ni ó bí àtẹ tí à ń sọ. Peter Eigen, ọmọ Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ni ó ṣáájú àwọn tí ó dá Transparency International sílẹ̀ ní ọdún 1993. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tí ó bá a dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò wọn kò burú. Ní àkókò náà, Báńkì Àgbáyé ka ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí kò yẹ kí òun dá sí. Ọdún 1996 ni olórí rẹ̀, James Wolfensohn, tó là á mọ́lẹ̀ ní gbangba pé àrùn jẹjẹrẹ ni. Nítorí pé ẹni tí ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í fún ni ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n pinnu láti kó èrò àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ tí ń ṣàyẹ̀wò orílẹ̀-èdè jọ, kí wọ́n sì fi í ṣe máàkì.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àtẹ àkọ́kọ́, ti ọdún 1995, orílẹ̀-èdè 41 ni ó wà nínú rẹ̀: New Zealand ni ó ṣáájú, Indonéṣíà ni ó kẹ́yìn, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀ rárá. Ní ọdún 1996, orílẹ̀-èdè di 54, Nàìjíríà sì kẹ́yìn pẹ̀lú máàkì 0.69 nínú 10. Ní ọdún 1997, àwa náà ni a kẹ́yìn nínú 52, ṣùgbọ́n máàkì wa ti di 1.76. Ní ọdún 1998, ó di 1.9, Kamẹrúùnù sì gba ipò ìkẹyìn lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan yóò rò pé ara ń yá Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọba Sani Abacha ni ó wà lórí àga ní ọdún wọ̀nyí títí ó fi kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Transparency International fúnra rẹ̀ ni ó sọ ní ọdún 2004 pé owó tí wọ́n fojú bù pé ó kó lọ wà láàárín bílíọ̀nù 2 sí bílíọ̀nù 5 dọ́là. Nígbà tí owó ń jáde jù lọ ni máàkì ń gòkè.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn àjọ náà, tí Abacha sì fi sẹ́wọ̀n láti ọdún 1995, jáde lẹ́wọ̀n, ó sì di ààrẹ ní ọdún 1999. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ó fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ICPC sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ní ọdún kan náà, àtẹ jáde: Nàìjíríà kẹ́yìn nínú orílẹ̀-èdè 90 pẹ̀lú máàkì 1.2. Mi ò sọ pé ìjọba Ọbásanjọ́ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìwé ìròyìn gba òmìnira láti kọ ohun tí Abacha kó, tí àwọn báńkì òkè òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá akáǹtì dúró, ìgbà náà ni etí àwọn oníṣòwò tí a ń bi léèrè kún fún ìròyìn olè. Ohun tí a gbọ́ ni a ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kí a má fi máàkì ọdún kan wé ti ọdún mìíràn nínú àwọn àtẹ tí ó ṣáájú ọdún 2012, ọdún tí wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ka àkọlé ìwé ìròyìn ni ó ń ka ìkìlọ̀.

Àbùkù kejì àtẹ yìí ni ó dùn mí jù, òwe àwọn baba wa kan sì ti sọ ọ́ tán: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwa tí epo jẹ́ iṣẹ́ wa mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ẹni tí ó gun àjà kò lè dá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò epo. Bí kò bá sí ẹni tí ó na ọwọ́ nísàlẹ̀, olè kò ní ṣeé jà. Ta ni ó na ọwọ́ gba epo lọ́wọ́ Abacha? Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Switzerland fọwọ́ sí ìwé láti dá nǹkan bí mílíọ̀nù 321 dọ́là padà nínú owó náà, lẹ́yìn èyí tí ó ti dá padà ṣáájú. Ní oṣù kejì ọdún 2020, erékùṣù Jersey náà fọwọ́ sí ìwé lórí mílíọ̀nù 308 dọ́là tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Owó yìí sùn sí ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, nínú àtẹ ọdún 2024, máàkì 81 ni Switzerland gbà, ó sì wà lára àwọn mẹ́wàá tí ó ṣáájú. Àtẹ náà kò purọ́ níwọ̀n bí ó ti mọ: bí o bá lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì wọn, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní nǹkan. Ẹni tí ó gun àjà nìkan ni ó ń kà; kò ka ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀.

Ilẹ̀ Jámánì tí àtẹ náà ti ń jáde ńkọ́? Títí di ọdún 1999, bí ilé iṣẹ́ Jámánì kan bá san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, ó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó rẹ̀ kí ìjọba sì yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tí yóò san. Nígbà tí a kẹ́yìn ní ọdún 1996, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́rin láti Amẹ́ríkà, Faransé, Ítálì àti Japan ti para pọ̀, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ kíkọ́ ilé iṣẹ́ gáàsì ní erékùṣù Bonny. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi hàn lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù 182 dọ́là ni wọ́n gbé gba ọ̀nà ẹ̀yìn láàárín ọdún 1994 sí 2004. Ní ọdún 2009, KBR gbà pé òun jẹ̀bi, òun àti Halliburton sì gbà láti san mílíọ̀nù 579 dọ́là. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Bonny ní ọwọ́ tí ó fúnni àti ọwọ́ tí ó gbà. Àtẹ kọ orúkọ ọwọ́ tí ó gbà nìkan.

Ó tọ́ kí a sọ pé àwọn ènìyàn rí àbùkù yìí. Ní ọdún 1999, Transparency International gbé àtẹ mìíràn jáde, èyí tí ó to àwọn orílẹ̀-èdè 19 tí ń tajà sókè òkun bí wọ́n ti ń san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ Tax Justice Network bẹ̀rẹ̀ àtẹ tirẹ̀, tí ó ń wọ̀n bí orílẹ̀-èdè ti ń bá ẹni ẹlẹ́ni pa owó mọ́ tó. Nígbà tí ti ọdún 2018 jáde, Switzerland ni ó wà ní ipò kìíní, Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè kan náà, kóńgò méjì: nínú ọ̀kan ó jẹ́ olódodo, nínú èkejì ó jẹ́ agbepo.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí a fi èrò àwọn àgbà oníṣòwò sílẹ̀, kí a lọ bi ará ìlú ní ohun tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àjọ National Bureau of Statistics ṣe èyí pẹ̀lú àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tí ń rí sí ìwà ọ̀daràn, wọ́n sì wọ ilé tí ó lé ní 33,000 káàkiri Nàìjíríà. Nínú àwọn tí ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìjọba, ìdá 32.3 nínú 100 ni ó san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí tí a bi léèrè rẹ̀ nínú ìwádìí ọdún 2016. Ní ọdún 2019, ó di 30.2; ní ọdún 2023, ó di 27. Ìyẹn ni pé àwọn tí ń san án ń dín kù. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí, máàkì wa nínú àtẹ Berlin jẹ́ 28, ó di 26, ó sì di 25: ó ń burú sí i. Èwo ni kí a gbà gbọ́?

Èsì mi ni pé a lè gba méjèèjì gbọ́, nítorí pé wọn kò wọn ohun kan náà. Ẹni tí ó sọ pé òun fún akọ̀wé ní owó kò mọ ohun tí gómìnà ṣe ní báńkì. Abacha kò san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún akọ̀wé kankan kí ó tó kó owó. Ìwádìí ilé-dé-ilé kò lè rí i láéláé. Ó tún ku nǹkan kan: ẹni tí kò dé ọ́fíìsì rí kò lè san owó fún ọlọ́fíìsì. Bí ilé ìwòsàn ìjọba bá jìnnà sí ìletò kan tí àwọn ará ibẹ̀ kò fi lọ mọ́, ìwé ìwádìí yóò sọ pé wọn kò san àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó bani nínú jẹ́ ni.

Ìlú Òde-Ìrèlè ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa èrò àti òṣùwọ̀n tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ ikú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a dákú. Láàárín ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Èrò kò gbẹ́yìn. Àwọn kan ní òrìṣà Malòkun ni ó ń bínú nítorí pé a ba ojúbọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé irú Ebola tí ó ti jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn kọ́kọ́ fura sí oògùn apakòkòrò. Àyẹ̀wò ni ó fi òpin sí awuyewuye: methanol ni, irú ọtí olóró tí kò yẹ kí ó kan ẹnu ènìyàn, tí ó ti wọ inú ògógóró tí wọ́n mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fìdí èyí múlẹ̀.

Mi ò mú ìtàn yìí wá láti fi àwọn ará ìlú ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó kígbe pé ikú yìí kì í ṣe ikú lásán, kò sí dókítà tí ì bá wá. Igbe wọn ni ó pe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dúró lórí igbe nìkan, ètùtù nìkan ni à bá ṣe, ìgò ògógóró náà ì bá sì wà lórí tábìlì. Bí èrò nípa ìwà ìbàjẹ́ ti rí gan-an nìyí. Igbe ni èrò, òṣùwọ̀n kọ́. Ó ń sọ fún wa pé ara kò yá, kò sì lè sọ inú ìgò tí májèlé wà.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yẹ inú ìgò náà wò. Ní ọdún 2003 sí 2004, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tí ń jẹ́ Benjamin Olken lọ sí abúlé tí ó lé ní 600 ní Indonéṣíà, orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn nínú àtẹ àkọ́kọ́. Ìjọba ń la ọ̀nà ní àwọn abúlé náà. Ó kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ gbẹ́ ihò sínú ọ̀nà tí a ti là, kí wọ́n lè mọ iye òkúta àti yanrìn tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Wọ́n bi àwọn oníṣòwò ní iye tí wọ́n ń ta òkúta, wọ́n bi àwọn lébìrà ní iye tí a san fún wọn, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ wé ohun tí ó wà nínú ìwé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni kò sí lójú ọ̀nà. Olken tún bi àwọn ará abúlé léèrè bóyá wọ́n rò pé jìbìtì wà nínú iṣẹ́ náà. Èrò wọn bá òtítọ́ mu díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá bu iye owó òkúta lé, ará abúlé a mọ̀, nítorí pé ó ń ra òkúta. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iye òkúta ni wọ́n bu lé, kò lè mọ̀, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olè sì fara pamọ́ sí jù lọ.

Ùgáńdà ni àpẹẹrẹ kejì. Àwọn olùwádìí bẹ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 250 wò níbẹ̀, wọ́n sì fi owó tí ìjọba àpapọ̀ sọ pé òun fi ránṣẹ́ wé owó tí ó dé ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́. Láàárín ọdún 1991 sí 1995, nǹkan bí ṣílè 13 péré ni ó ń dé nínú 100, yàtọ̀ sí owó oṣù àwọn olùkọ́. Kí ni ìjọba ṣe? Wọ́n ń tẹ iye owó tí ó ń lọ sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2001, ó ti lé ní ṣílè 80 nínú 100 tí ń dé. Irú òṣùwọ̀n yìí kò sọ ipò tí Ùgáńdà wà láàárín orílẹ̀-èdè ayé. Ohun tí ó sọ ni ibi tí igbá ti ń jò, ẹni tí ó ni igbá sì lè lẹ̀ ẹ́.

Èyí ni ó mú mi padà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àtẹ Berlin fún gbogbo Nàìjíríà, láti Ṣókótó títí dé etí omi Ìlàjẹ. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrèlè kò ní máàkì tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kó owó rẹ̀ jẹ lónìí tàbí tí wọ́n bá ná an dáadáa lọ́la, 26 kò ní torí rẹ̀ di 25 tàbí 27. Nítorí náà, máàkì yẹn kò lè bá ẹnikẹ́ni ní Òde-Ìrèlè wí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yin ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìtìjú lásán ni ó lè fún wa, ìtìjú tí kò sì mọ ẹni tí yóò bà lé kì í tún ìlú ṣe.

Ṣùgbọ́n ìdajì òṣùwọ̀n mìíràn ti wà nílẹ̀. Láti bí ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà fún ètò ìnáwó, ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tí ó ń pín fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, orúkọ Ìrèlè sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ìdajì tí ó kù ni ohun tí ó wà nílẹ̀: kànga ẹ̀rọ mélòó ni omi ń jáde nínú rẹ̀, gọ́tà tí a kọ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó, páànù mélòó ni ó wà lórí ilé ẹ̀kọ́. Kò sí àjọ kan ní Berlin tí yóò wá bá wa ka èyí. Ọmọ Ìrèlè tí ó jẹ́ bíríkìlà mọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tí ó yẹ kí ó wà nínú afárá kékeré kan. Ẹni tí ń ta páànù mọ iye rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi ìwé owó tí ó wọlé ti ẹ̀gbẹ́ ìwé ohun tí a rí, tí a sì lẹ méjèèjì mọ́ ara ògiri níbi tí tọmọdé tàgbà ti lè kà á, a ó ní òṣùwọ̀n tí ó mọ orúkọ ẹni tí yóò dáhùn.

Mi ò ní kí a sun àtẹ Berlin níná. Ó ti ṣe iṣẹ́ igbe kíké, igbe náà sì dé etí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ àwọn tí ó mọ̀wé nínú wa ni pé kí a yé fi nọ́ńbà tí àwọn ẹlòmíràn rò sí wa lára ṣe ìbínú ọdọọdún. Ìwé owó Ìrèlè wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Teepu ìwọ̀n wà lọ́wọ́ bíríkìlà. Gọ́tà náà kò sá lọ síbì kan.